Fikáyọ̀ Wa Kì í Ṣe Nọ́ńbà Mẹ́tàdínlógún

Rolla, Sharjah
Ọjọ́ Àìkú

Olúṣẹ̀san, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Dubai lọ́hùn-ún? Ṣé oòrùn ò tíì yan ọ́ gbẹ? Ọlọ́run tó gbé mi fò kọjá òkun tí n kò já bọ́, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ọ bí ìwọ náà ṣe ń ṣọ́ ilé onílé. Làtífù, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí sí i létí, mo kí ìwọ náà. Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ń bá a ka gbogbo ìwé tó bá rí gbà, nítorí náà má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti bú yín. Orúnkún mi ti ń gbọ́ràn díẹ̀. Bùkúnmi ìyàwó rẹ wà dáadáa, ó ń ti ibi ìránṣọ bọ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú òwú lórí. Àwa àti Asiat, ọmọ Ìlọrin tó wà ní yàrá kejì, ṣì jọ ń dáná ní kíṣíìnì kan ṣoṣo, a ò sì tíì jà.

Mo pè ọ́ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ń sọ Lárúbáwá, ó ń sọ Òyìnbó, mo kí i, mo bèèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn ń tún sọ. Mi ò tíì sọ fún Bùkúnmi. Ẹni yòówù kó jẹ́, kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá ẹni.

Ọ̀rọ̀ Fikáyọ̀ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. O ní ẹnikẹ́ni ò ní kọ orúkọ ọmọ rẹ mọ́ ti àwọn olódo, o ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan, àti pé bí ilé ìwé bá yọ ọ́ lẹ́nu, kí n gbé ọmọ náà padà sí abà wa nílé. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ ò tíì gbọ́ gbogbo ẹ̀, torí èmi ni mo ba nǹkan jẹ́ tí mi ò jẹ́wọ́. Làtífù, jẹ́ kó jókòó ná.

Nígbà tí ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé àwọn kan láti yunifásítì ń ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń fún níyọnu, Bùkúnmi fọwọ́ sí i, ó sáré lọ síbi iṣẹ́, ó ní kí èmi àti Asiat parí ìyókù. Asiat ń túmọ̀, èmi ń kọ. Wọ́n bèèrè pé ọmọ mélòó ló wà nínú ilé. Ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ọlọ́run ló mọ iye wọn. Wọ́n ní ọmọ lè yọwọ́ nínú ẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú. Mo fagi lé ìyẹn, torí ọmọ tí àgbà bá rán níṣẹ́ kì í yọwọ́ nínú ilé tiwa. Èyí tó wá bí mi nínú jù ni pé wọn ò ní lo orúkọ ọmọ wa, nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni wọn á máa pè é. Asiat ní torí kí àṣírí má baà tú ni. Àṣírí wo? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni? Mo pa nọ́ńbà náà rẹ́, mo kọ Fikáyọ̀mi Àkànbí, ọmọ Olúṣẹ̀san, ọmọ ọmọ Fúnmiláyọ̀. Ojú ìlà ò gbà á, mo bá yí i gba ẹ̀gbẹ́ ìwé lọ.

Magdalene ni orúkọ obìnrin tó ń ṣe ìwádìí náà, ará Íńdíà ni, ó níwà tútù. Kí a tó wọlé tọ̀ ọ́ ni mo ti kìlọ̀ fún Fikáyọ̀ pé kó má wo àgbà lójú, kó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan, kó má sì sọ fún àgbà pé nǹkan rẹ̀ ò pé. Ọmọ náà gbọ́ràn. Magdalene fi àwòrán tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta hàn án, ó ní kí ló kù níbẹ̀. Fikáyọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní kò sóhun tó kù, ó pé, mà. Ó fi ajá tí kò létí kan hàn án, ọmọ ní bó ṣe yẹ kí ajá rí nìyẹn. Inú mi ń dùn lórí àga tí mo wà. Obìnrin náà mú aago kan dání tó ń tẹ̀, mo rò pé ó níbi tó ń lọ, mo ní kí Fikáyọ̀ rọra, pé ẹni tó ń kánjú ni kó máa wo aago. Ìgbà tó fi to búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, mo ti sùn jí. Ó fẹ́ fi ọwọ́ òsì mú pẹ́ńsùlù, mo gbá a lọ́wọ́, ó fi ọ̀tún kọ ọ́, ó dà bíi pé adìẹ ló tu ilẹ̀.

Báyìí ni èsì ṣe jáde pé kò mọ nǹkan kan, kó padà sí jẹ́lé-ó-sinmi. Èsì yẹn ni Bùkúnmi fi ẹkún sọ fún ọ. Olódo tí ò ń tìtorí ẹ̀ bínú, èmi ni mo fi ẹ̀kọ́ ilé ṣe é.

Nígbà tí mi ò lè wo ojú Bùkúnmi mọ́, mo fa orúnkún mi padà lọ, mo ní kí Asiat sọ gbogbo ẹ̀ fún Magdalene. Ó fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ó ń sunkún, àfi bí mo ṣe rí i pé ẹ̀rín ni. Ó ní kí n jókòó síta, ó tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń yọjú lójú gíláàsì. Olúṣẹ̀san, ọmọ yẹn fi ọwọ́ òsì to búlọ́ọ̀kù pupa àti funfun bí ìwọ ṣe ń to táìsì nígbà tí ilé kíkọ́ ṣì ń lọ ní Dubai, kí owó ìlú náà tó dojú dé, tí wọ́n wá sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ ilé tí kò lórùlé ní Jumeirah Village Circle. Ó parí kí Magdalene tó rójú wo aago. Magdalene ní orí ọmọ náà pé, ó tún yá ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìwé kíkà nìkan ni. Ó ní ojú rẹ̀ ń rí lẹ́tà, ó kàn ń pẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ tó so ó mọ́ ìró ni, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe oríkunkun, ọ̀nà sì wà tí wọ́n fi ń kọ́ irú wọn. Olùkọ́ kan á máa jókòó tì í lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì ní kúrò ní kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àti bàbá ló gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí i. Bùkúnmi ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Bó bá di Ọjọ́bọ̀ tí o ò yọjú, ọmọ mìíràn ni wọ́n á fún láàyè náà.

Bí a ṣe fẹ́ máa lọ ló bèèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ẹbí wa tí ìwé kíkà yọ lẹ́nu báyìí. Mo ní kò sí. A kì í tú àléébù ilé síwájú àlejò. Mo délé, mo jókòó sí kíṣíìnì. Mo rántí ìgbà tí o wà ní kíláàsì kẹta, tí mo ní kí o kúnlẹ̀ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, tí mo nà ọ́ títí ẹgba fi já, tí mo pè ọ́ ní olódo. Ẹyin lohùn, ó bọ́ lẹ́nu mi, ó fọ́. Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ sọ fún Magdalene pé bàbá ọmọ náà ni, àti pé mo nà án gan-an. Ó bi mí pé kí ni o ṣe tí mo fi nà ọ́. Asiat túmọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Dárí jì mí, Àkànní. Ó dùn mí gidigidi.

Owó ńkọ́? Bàtà Fikáyọ̀ ti lanu, oògùn ìfúnpá mi ku ẹyọ márùn-ún, mo sì ti jẹ kírédíìtì fóònù Asiat tán. Má fi owó sínú ẹ̀rọ ara ògiri báńkì yẹn mọ́ o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lóṣù tó kọjá, èmi àti Fikáyọ̀ dúró níwájú ẹ̀ títí, kò dá wa mọ̀. Ẹni tó lójú ni kí o fi rán.

Gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, ilé tí wọn ò kọ́ tán ò ní sá lọ. Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ, á san ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ padà fún ọ, ọmọ rẹ á ṣe ju ìwọ lọ, ìwọ náà á sì ju bàbá rẹ lọ. Wá ní Ọjọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé síwájú rẹ tí o ò lè kà á, sọ fún wọn pé o ò lè kà á. Èmi á jókòó tì ọ́. Kò sẹ́ni tó máa nà ọ́.

Èmi ni,
Fúnmiláyọ̀, ìyá rẹ.