Rédíò Alhájì Ràjí Ń Hu

Sátidé, lẹ́yìn ìrun Màgíríbì

Mo sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọjà Kejetia nílẹ̀ Ashanti níbí. Mo ru ẹrù títí ọrùn mi fi wú. Kò sẹ́ni tó rán mi níléèwé, síbẹ̀ èmi náà ni gbogbo àdúgbò wa, Moshie Zongo, ń pè ní Ọ̀gá Rédíò.

Ìdí nìyí tí ti òní fi ń jẹ mí lọ́kàn. Rédíò àtijọ́ onígílóòbù tí bàbá Alhájì Ràjí fi sílẹ̀ fún un ni. Tiransifọ́mà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà jó, mo yọ ọ́, mo fi òmíràn sí i. Mo pe gbogbo agboolé kí wọ́n wá gbọ́. Bí mo ṣe tàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù.

“Agya, bàbá wa, ẹranko wo lẹ tì mọ́nú ẹ̀?” Ìyá oníwààkyé, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, nìyẹn. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Alhájì ò rẹ́rìn-ín. “Ọ̀gá Rédíò, ẹ̀yìn Jímọ̀ ni mò ń lọ sílé, Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò ní padà mọ́. Tí kò bá sọ̀rọ̀, àwọn tó ń ra irin ni màá fi í sílẹ̀ fún.”

Wallahi, gbogbo wáyà ẹ̀ ni mo tún yẹ̀ wò.

Adíza tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Ashanti New Town, á mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi ni mo kọ́ ọ, nítorí náà èmi náà ni mo mọ̀ ọ́n.

Ní Mọ́ńdè màá gbé rédíò náà lọ bá a. Màá ní mo fẹ́ wò ó bóyá kò tíì gbàgbé ohun tí mo kọ́ ọ.