Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ìyàwó Mi ní Kóòtù

                                        Ojúlé Kẹrìndínlógún,
                                        Bantama, Kumasi,
                                        Gold Coast.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1954.

Cornelius, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Tamale níbẹ̀? Dinah ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ikọ́ tó yọ ọ́ lẹ́nu nígbà ọyẹ́ èṣí, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tiwa le, Sàbírátù le, ọmọ náà ń jẹun dáadáa. Orúnkún mi nìkan ló bó, àyà sì ń ro mí díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ rò fún ọ. Jókòó kí o tó kà á o, má sì máa mu tíì lọ́wọ́.

O mọ Màmá, ìyá Sàbírátù, tó ń ta abọ́ tánganran ní ọjà Tafo. O sì mọ Bákàrè onílọ́rì, tó ń fi agbádá gbálẹ̀ kiri, tó rò pé gbogbo obìnrin ayé ló ń wo òun. Ní oṣù kẹjọ ni Bákàrè lọ ra abọ́ lọ́wọ́ Màmá. Bí Màmá ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú èyí tó wà nísàlẹ̀ ni ọkùnrin yìí nawọ́, ó sì dì wọ́n mú níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò yẹ kó dé. Màmá fi abọ́ gbá a lórí. Abọ́ tẹ̀, orí Bákàrè kò tẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Màmá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí á parí rẹ̀ nílé. Màmá ní rárá, ojú ọjà ni Bákàrè ti fi òun ṣẹ̀sín, gbangba ni kí wọ́n ti dá òun láre.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yìí ni ẹjọ́ dé iwájú adájọ́. Ògbufọ̀ Twi wà ní kóòtù, ti Haúsá wà, ti Yorùbá kò sí. Màmá gbọ́ Haúsá, wọ́n gbọ́ Twi jù mí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹnu àyálò kọ́ ni àwọn máa fi ro ẹjọ́ ara àwọn. Ni gbogbo ojú bá yí sí èmi akọ̀wé tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Adájọ́, òyìnbó arúgbó kan, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni lòdì sí mi, nítorí pé àna mi ni olùfisùn. Mo rò pé Bákàrè yóò kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Wàláhì, Theophilus gan-an ni mo fẹ́. Ọmọlúàbí ni.” Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ọmọ Yorùbá ni òun náà, ó mọ̀ pé ẹnu àna kì í lè dárúkọ ohun tí òun dì mú.

Adájọ́ ka òfin sí wa létí. Kí wọ́n tó lè dá ọkùnrin lẹ́bi irú ìwọ̀sí yìí, ó gbọ́dọ̀ hàn kedere pé ó fi ọwọ́ kan ara obìnrin náà, pé ibi tó kàn àti bí ó ṣe kàn án jẹ́ ti ìwọ̀sí, àti pé obìnrin náà kò yọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda, ó ní, ni kí ènìyàn fi ọkàn ara rẹ̀ gbà, láìsí ẹ̀tàn tàbí ìfipámúni. “Ibi kan” kò tó, Cornelius. “Níbẹ̀ yẹn” kò tó. Bí a kò bá là á mọ́lẹ̀, Bákàrè yóò máa yan lọ sílé.

Adájọ́ wá ní kí n bi Màmá pé apá ibo lára wọn ni ọkùnrin náà dì mú. Ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì jẹun lójú Màmá rí! Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, tòun ti ṣòkòtò funfun tí Sàbírátù fi sítáàṣì sí. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú, kì í ṣe ẹnu mi o, òyìnbó ló ní kí n béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ibo… níbo ni… ṣé ara yín le?”

Màmá ní, “A dúpẹ́.”

Adájọ́ béèrè ohun tí wọ́n wí. Mo ní wọ́n dúpẹ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì ní kí n tún béèrè.

Kwaku, ọlọ́pàá kóòtù, di èjìká mi mú, ó ń pariwo, “Mepa wo kyɛw, sɔre! Jọ̀ọ́, dìde! Ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì!” Mo dìde. Ìbéèrè mìíràn dé, mo tún wólẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni mo dọ̀bálẹ̀, ìgbà mẹ́rin ni Kwaku fà mí sókè. Bákàrè ń fi agbádá nu omijé ẹ̀rín. Ó ní, “Haba! Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín sí mi, kò pariwo, ṣé ìyẹn kì í ṣe gbígbà? Títí di ìsinsìnyí, ta ló ti sọ ohun tí mo fọwọ́ kàn?” Adájọ́ ní bí èsì tó kàn kò bá yé òun, òun yóò da ẹjọ́ náà nù. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo dọ̀bálẹ̀ nígbà karùn-ún. Mo ní, “Màmá, ibo ló dì mú? Ṣé ẹ gbà fún un?”

Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọkọ Sàbírátù, dìde nílẹ̀. Ìdí tèmi ni, kì í ṣe tìrẹ. Sọ fún òyìnbó pé ìdí mi ni Bákàrè fi ọwọ́ méjèèjì dì mú bí ẹni ń yan iṣu lọ́jà. Iye tó dá lé abọ́ mi ló pa mí lẹ́rìn-ín, kì í ṣe òun. N kò gbà fún un lọ́jọ́ náà, n kò gbà fún un lónìí!”

Mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìdí àti iṣu, n kò dín in. Àwọn obìnrin ọjà Tafo hó yèè. Adájọ́ fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Nígbà tó gbé ìwé náà kúrò lẹ́nu, ó sọ fún Bákàrè pé ẹ̀rín kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ìdákẹ́ pàápàá kì í ṣe é, ó sì fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù kan.

Mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, Màmá pè mí. Mo rò pé èébú ló ń bọ̀. Wọ́n ní, “Nígbà tí wọ́n máa fi mí fún bàbá Sàbírátù, wọ́n bi bàbá mi, wọ́n bi àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí bóyá mo gbà.” Mo gbé àpò wọn, a sì jọ rìn dé ilé.

Bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì kí gbogbo àwọn ará wa ní ṣọ́ọ̀ṣì yín. O kọ̀wé pé o ti ṣètò pé Dinah yóò wá gbé lọ́dọ̀ wa ní Kumasi láti Kérésì títí di Àjíǹde. Inú wa dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n, Cornelius, ṣé o ti bi í?

Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
Theophilus.