Fọ́tò Àyà Ẹ̀gbọ́n Mi

Olóòtú wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi.

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó ti ń mu sìgá láti ìgbà èwe. Lọ́dọọdún ni ilé iṣẹ́ wọn máa ń ní kí wọ́n ya fọ́tò àyà, tirẹ̀ sì máa ń mọ́. Èyí tó yà kẹ́yìn ló fi kọ́ ojú fèrèsé níbi tó ti ń rẹ́ igi, kí àwọn tó ń bá a wí nípa sìgá lè rí i.

Mo kà á pé irú fọ́tò yìí kì í sábà rí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tó bá ṣì kéré. Síkáànù, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara fínnífínní, ló lè rí i kí ikọ́ tó dé. Mo sọ fún un pé kó lọ ṣe é.

Ó ní, "Àbúrò, àyà mi mọ́ ju ilé ẹ lọ. Ṣé kí n wá lọ jí ohun tó ń sùn ni?"

Ó ń ṣe èmi náà bákan. Síkáànù a máa rí àmì tí kì í ṣe nǹkan kan, ọkàn ẹni kò sì ní balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ìgbà tó ṣì kéré ló rọrùn láti wò sàn.

Olóòtú, kí lẹ rí sí i? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ẹ bá wa sọ ọ́. Ètò yín yìí ni wọ́n ń gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ló máa ń bá jiyàn. N kò tíì rí i kó bá rédíò jiyàn.