Kò Sí Kámẹ́rà Nínú Bàálù Mi

Ẹ̀gbọ́n wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn sọ pé tíṣà kan ní ìhà Ìmẹ̀kọ ni.

Mo ní bàálù kékeré oníbátìrì kan tí mo máa ń fi rìmóòtù darí ní pápá iléèwé wa nírọ̀lẹ́. Eré lásán ni. Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí apá rẹ̀, bí àwa tá a ń ṣe irú eré yìí ṣe máa ń ṣe, kí ẹni tó bá rí i he lè pè mí.

Ní Sátidé, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ó sì já sínú igbó tí àwọn kan ń gbé ìrẹsì gbà kọjá bodè. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan pè mí.

"Ṣé ìwọ lo ń bá àwọn aṣọ́bodè ṣọ́ wa?"

Mo ní bàálù ìṣeré ni, kò ní kámẹ́rà.

Ó ní, "Wá mú un nígbà náà. Ìwọ nìkan ni kó o wá."

Mi ò tíì lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ilé wa, màá sá wọ yàrá. Màmá mi ní kí n lọ sọ fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n bí ọlọ́pàá bá wọ igbó yẹn, ta ló tún máa gbà gbọ́ pé èmi kọ́ ni mo ń ṣọ́ wọn?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ẹ bá sì ka lẹ́tà yìí tán, ẹ bá mi tún un sọ pé kò sí kámẹ́rà nínú bàálù mi. Ọkùnrin náà á gbọ́. Nígbà tó pè mí, ohùn yín ni mò ń gbọ́ nínú rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.