A Ń Bọ̀ Wá Sùn Kí Iṣẹ́ Má Baà Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun kánú? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀kejì torí pé ti àkọ́kọ́ kò dùn létí òun tó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ewúrẹ́ tó jẹ ìborùn rẹ nígbà tí o wálé ti sanra sí i.

Láti ọjọ́ tí o ti pè wá lórí fóònù, tí o ní àlejò ti wọ́n ní hòtẹ́ẹ̀lì yín, pé wọ́n fẹ́ dín àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kù, oorun ti dá lójú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé ọṣẹ fún ìyá rẹ ló tún dá kún un. Wọ́n kọ̀wé sínú rẹ̀ nípa iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ní ìpínlẹ̀ yìí, wọ́n sì ya ìlà kan tó gun òkè, tó tẹ́jú díẹ̀, tó wá já wálẹ̀. Mo rò pé àtẹ̀gùn hòtẹ́ẹ̀lì yín ni, inú sì bí mi sí bíríkìlà tó ṣe é. Tíṣà ilé kejì ló ṣàlàyé pé iye àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ni, pé wọ́n ń pọ̀ sí i tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá ń dínkù. Mo ní kó fi ibi tí ìwọ dúró sí lórí ìlà náà hàn mí. Ó ní wọn kì í kà á bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó fìka lé ibi tó tẹ́jú, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Jọ̀ọ́, dúró síbẹ̀, má sún.

Tíṣà yìí kan náà ló ní tí èèyàn bá ń wá sùn, wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé oorun nìkan ni, tí a wá jókòó sílé tí à ń wo ọmọ wa níran? Oorun ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ilé yìí mọ̀ ọ́n ṣe láì kọ́ ọ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, a ti ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀rọ Ìlọta nítorí ìhanrun wọn, náà ń bọ̀. Yàrá tó sún mọ́ ọ́fíìsì máníjà ni kí o fi wọ́n sí, kí máníjà lè máa gbọ́ pé iṣẹ́ ń lọ. Ewúrẹ́ wà pẹ̀lú wa, a ò rí ẹni tí a ó fi í sílẹ̀ fún. Kà á mọ́ àwọn àlejò, kò nílò tẹlifísàn.

Ìyá rẹ ní òun fúnra òun ni yóò máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, kó má baà rẹ̀ ọ́. Mo ní kó má dán an wò, pé tó bá tẹ́ ẹ tán, kí ni wọ́n fẹ́ kí o máa ṣe? A ó fẹsẹ̀ da gbogbo rẹ̀ rú láràárọ̀ ni, kí iṣẹ́ lè pọ̀ fún ọ. Tí máníjà bá sì fẹ́ sanwó fún wa pé a wá sùn, sọ fún un pé kó má ṣèyọnu, torí ọmọ wa la ṣe wá. Oúnjẹ nìkan ti tó.

Ohun kan ló kù. A ti dé ẹnu géètì yín báyìí, a ò sì tíì san owó ọkọ̀. Dẹ́rẹ́bà rí bí ilé náà ṣe ga, ó ní ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò lè ṣàìní owó ọkọ̀, ó sì ti tilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni mo fi lẹ́tà yìí rán sí ọ. Tètè mú owó náà bọ̀, kó o fi díẹ̀ lé e kí a fi ra omi. Má pẹ́ o, torí Ẹ̀rọ Ìlọta ti sùn lọ, a ò sì fẹ́ kí wọ́n lo oorun hòtẹ́ẹ̀lì tán sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ tọ́jọ́. Yàrá tí o ń tọ́jú kò ní ṣófo láé. Ẹni tó bá fẹ́ lé ọ, kó kọ́kọ́ wá jí gbogbo wa.

Èmi ni bàbá rẹ. Oorun ti ń kùn mí, mo ti ṣetán fún iṣẹ́.