Ìlà Tí Ẹ Fà Sórí Ohùn Nínú Fídíò Ìkómọ

Abúlé Agbáàkin,
Lọ́nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ìdrís ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Ìsọlọ̀ níbẹ̀, ìwọ àti Lateefah ìyàwó wa, àti àlejò kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ̀ yín. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ọlọ́run tí ó fún yín kò ní gbà á padà, yóò dá a sí títí tí yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá kí mi nílé. Tí ẹ bá ń ronú nípa tèmi, mo ń jẹun, mo sì ń sùn, orúnkún yìí nìkan ni kò gbà fún mi, òun náà ni kò sì jẹ́ kí n lè wọ ọkọ̀ wá bá yín kó ọmọ jáde. Inú mi kò dùn sí orúnkún náà rárá.

Nílé níbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti ká páànù méjì kúrò lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n mo ti gbé òkúta lé àwọn tí ó kù. Ewúrẹ́ Morọ́lá, nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ní ìkángun ilé wa, ti bí ìbejì, ó sì ń jẹ ẹ̀gẹ́ mi bí ẹni pé èmi ni mo fún un lóyún. Ẹ̀rọ ìlọta tí èmi àti ìyá rẹ fi tọ́ ọ dàgbà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí mo gbé e fún, ariwo rẹ̀ kò dín kù, tí wọ́n bá ti tan án, ẹni tí ó wà níwájú ilé wa kò ní gbọ́ tí ẹ bá ń pè é.

Ìdí tí mo fi mú bíírò ni fídíò ìkómọ tí o fi ránṣẹ́. O ní kí n kàn tẹ àwọn lẹ́tà aláwọ̀ búlúù yẹn, pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ààfáà ti jókòó títí dé ìgbà tí wọ́n jẹun. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú fóònù mi ṣú dùdù, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ohùn. Mo gbọ́ ohùn ààfáà, mo gbọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń ṣe àmín, mo sì gbọ́ ikọ́ rẹ, mo mọ̀ pé tìrẹ ni nítorí láti kékeré ni o ti máa ń húkọ́ tí àyà rẹ bá ń já. Mo wá ní, háà, wọ́n ti mú iná lọ ní Ìsọlọ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń kó ọmọ mi jáde. Mo wá tọ́ọ̀ṣì mi lábẹ́ ìrọ̀rí, mo tàn án sí ojú fóònù kí ẹ lè rí nǹkan tí ẹ ń ṣe, mo tún sún un mọ́ ọn, n kò rí yín síbẹ̀.

Mo ní kò burú, kí n ṣáà máa gbọ́. Ààfáà ṣàdúà títí, ó wá ní orúkọ tí bàbá ọmọ yìí sọ ọmọ rẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an ni ohùn ti dákẹ́. Nǹkan roboto kan yọ sí àárín òkùnkùn náà, ó ń yí, ó ń yí, bí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti já, tí ó ń sáré tí kò sì lọ nǹkan kan. Mo rò pé ààfáà ń ronú ni. Mo dúró dè é títí tí mo fi lọ ṣe àlùwàlá, mo kírun, mo dé, ó ṣì ń yí. Mo tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, a tún bá àdúà náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, a dé ibi orúkọ, ó tún dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá ẹnìkan ló ń di ààfáà lẹ́nu.

O mọ ohun tí mo ń retí. Nígbà tí ikùn Lateefah ti ga, mo ránṣẹ́ sí ọ pé tí ó bá jẹ́ obìnrin ni Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ, kí ẹ jọ̀wọ́ kí ẹ sọ ọ́ ní Rùkáyátù, orúkọ ìyá rẹ, ẹni tí kò dúró rí ọmọ rẹ̀ kó ọmọ jáde. O ní ẹ ti gbọ́. O kò ní bẹ́ẹ̀ ni, o kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin náà ni ó sì dé. Mo sì mọ̀ pé àwọn òbí Lateefah ní Èjìgbò ìtòsí yín níbẹ̀ ní orúkọ tiwọn lẹ́nu, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àwọn náà ló ni ọmọ. Nígbà tí o wá pè mí lọ́jọ́ kejì ìkómọ tí o fẹ́ sọ ọ́ fún mi, èmi ni mo dá ọ lẹ́kun, mo ní orúkọ ọmọ kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta àtàrodo tí a ó máa bi ara wa lórí fóònù, pé mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ààfáà bí àwọn tí wọ́n jókòó síbẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Ìdrís, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tí mo bá gbọ́ ọ láàárín èrò, n kò ní lè fi ojú hàn pé inú mi bàjẹ́.

Mo gbé fóònù lọ bá Zakariyah tí ó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta. Ó ní nǹkan tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni búráwúsà, pé òun ni ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà wọ inú íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ilẹ̀kùn bíi mẹ́ta ló wà nínú fóònù mi nìkan, kí a gbìyànjú òmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn rú mi lójú. Ilé Ìsọlọ̀ tí o ń gbé, yàrá kan ni o sọ fún mi pé o gbà, kí ni yàrá kan ń fi ilẹ̀kùn mẹ́ta ṣe, ta ni ẹ sì fẹ́ gba ẹ̀yìn jáde fún? Ó gba ilẹ̀kùn kejì, fóònù kọ ọ́ síbẹ̀ pé irú fídíò yìí kò bá òun mu. Mo ní kí Zakariyah sọ fún un pé bàbá tí ó bí bàbá ọmọ ni mí, n kì í ṣe mo-gbọ́-mo-yà. Ó ní kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kẹta ní òun kò ní ṣí àfi tí a bá kọ́kọ́ sọ òun di tuntun, a gbà bẹ́ẹ̀ fún un, ó gbé gbogbo dátà tí o rà fún mi mì, ó di tuntun tán, ó tún ń yí nǹkan roboto yẹn fún wa.

Zakariyah tún ní inú fóònù náà ti kún fún àjẹkù àwọn ohun tí mo ti wò sẹ́yìn, pé òun fẹ́ gbá a jáde. Mo ní kí ó rọra, pé wáàsí àti ìròyìn nìkan ni mo máa ń wò, kí ó má gbá wáàsí dànù. Ó gbá a tán, òkùnkùn ṣì ni. Ìgbẹ̀yìn ló wá sọ pé fóònù náà ló ti dàgbà, pé etí rẹ̀ gbọ́ fídíò náà ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kà, kí n lọ fi fóònù ẹlòmíràn wò ó, kí n fi tèmi sílẹ̀ fún òun. Mo ní ọ̀rọ̀ èmi àti fóònù yìí yà mí lẹ́nu, nítorí èmi, ojú mi dá ṣáṣá títí di òní, etí ni ẹ̀rọ ìlọta bà jẹ́ fún mi. Tí wọ́n bá lè pa èmi àti òun pọ̀, odidi ènìyàn kan ni à bá dà.

Morọ́lá ni mo wá lọ bá, torí fóònù rẹ̀ tuntun, Zakariyah sì ti bá mi fi àwọn lẹ́tà búlúù yẹn ránṣẹ́ sí i. Ó ṣí fídíò náà fún mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, òjò sì ṣú, ó ní òun ń sáré lọ ká aṣọ. Ìdrís, mo rí yín. Mo rí ìwọ nínú aṣọ funfun, mo rí Lateefah tí ara rẹ̀ ti mókun, mo rí ọmọ náà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀lù wé bí ẹ̀kọ. Fáànù ń yí lókè, iná wà, n kò mọ ìgbà tí wọ́n mú un dé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Gbogbo yín ń la ẹnu, ẹ ń pa á dé, ohùn kò jáde. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ ń bá mi yan odì nítorí pé n kò wá.

Ìgbà náà ni mo rí àwòrán kékeré kan ní ìsàlẹ̀, gbohùngbohùn tí wọ́n fa ìlà lé lórí, gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n yà sí ẹ̀bá ọsibítù Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ya fèrè ọkọ̀ tí wọ́n sì fa ìlà dábùú rẹ̀ kí awakọ̀ má baà fọn ọ́n. Ó wá yé mi. Ọmọ ń sùn, ẹ kò fẹ́ ariwo. Mo yin Lateefah nínú mi, mo ní obìnrin tó lóye lọmọ mi fẹ́. Mo pa rédíò Morọ́lá, mo lé adìyẹ jáde, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń ju owó sí i, èmi náà mú owó jáde nínú àpò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù. Gbogbo yín dúró gbọin. Ẹni tí ó na ọwọ́ kò ká a kò, ìwọ gan-an la ẹnu sílẹ̀. Mo rí i pé ẹ ń bọ̀wọ̀ fún mi, mo ṣàdúà fún yín bí mo ṣe fẹ́, mo wá fi ìka gbé owó náà dáadáa, ẹ sì tún ń bá iṣẹ́ yín lọ. Morọ́lá ti gba owó yẹn o, ó rò pé owó fóònù ni. Bá mi fi iye tí ó bá wù ọ́ dípò rẹ̀ fún ọmọ.

Ààfáà wá tẹ etí sí ọ, o sọ ọ́ sí i létí. Ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu.

Ìwọ kéré nígbà náà, o lè máà rántí. Láti òwúrọ̀ tí mo bá ti tan ẹ̀rọ títí di ìrọ̀lẹ́, èmi àti ìyá rẹ kì í gbọ́ ohùn ara wa. Ẹnu ni a máa ń wò. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n lè pè é lórúkọ a dúró lẹ́yìn èrò pẹ̀lú abọ́ ata lórí, wọn a máa pè é, òun a sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, èmi ni mo máa ń rí ẹnu wọn tí n ó sì nawọ́ kàn án pé wọ́n ń pè é. Mo mọ bí ẹnu ṣe ń ṣe tí ó bá fẹ́ pe Rùkáyátù. Yóò ká jọ, yóò là, yóò tún là, yóò sì ká jọ padà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ààfáà ṣe, Ìdrís. Lẹ́yìn náà ni o tẹ orí ba, Lateefah sì fi ọwọ́ kàn ọ́ léjìká. Mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. N kò mọ̀ pé mo ti nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi láti kan ẹnìkan pé wọ́n ń pè é.

Ṣùgbọ́n ó ti rú mi lójú láti ìgbà náà. Irùngbọ̀n ààfáà yín pọ̀, ó bo ètè ìsàlẹ̀, bóyá orúkọ mìíràn náà ń ṣe ẹnu bẹ́ẹ̀. Morọ́lá kó aṣọ dé, ó ní kí ló dé tí mo ń wò ó láìsí ohùn, ó na ìka, ó ní òun yóò kàn yọ ìlà yẹn kúrò. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní onílé ló ní kí wọ́n má pariwo, ta ni àwa tí a ó jí ọmọ ọlọ́mọ? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní Bàbá, kò sí ọmọ tí yóò jí. Mo kọ̀. Bóyá nítorí ọmọ ni, bóyá nítorí tèmi ni, n kò lè dá a mọ̀.

Táíyé tí ó ń kó ẹlùbọ́ lọ sí Èjìgbò ni mo fi lẹ́tà yìí rán, gba àpò ẹlùbọ́ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀, ti Lateefah ni. Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó páànù ránṣẹ́, àti ìpara fún orúnkún mi, kí o sì san ti Zakariyah, ó ní òun ń wá ojú fún fóònù náà. Má ra dátà mọ́, ilẹ̀kùn yẹn yóò tún gbé e mì.

Ọlọ́run yóò bù sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ọmọ yín kò ní sọ yín sókùnkùn, ẹ ó jèrè rẹ̀, èmi náà yóò gbé e sórí orúnkún tí kò bá dùn mí mọ́.

Tí ó bá jí, tí ó sì mu ọmú yó, kí o bá mi yọ ìlà yẹn kúrò lórí ohùn láti ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀, n ó lọ wò ó lọ́dọ̀ Morọ́lá. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n tí kò bá jẹ́ orúkọ ìyá rẹ ni, Ìdrís, jọ̀wọ́, jẹ́ kí ìlà náà wà níbẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mísbáù Ọláyanjú.