Ẹ Kú Iṣẹ́ o, Ẹ̀yin tí Ẹ Ń Gbọ́ Wa

Àkọ́bí mi, ìyá mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́, ara ńkọ́? Kí Ọlọ́run tí ó jí ọ lónìí máa jí ọ lójoojúmọ́, kí ilẹ̀ ìlú ńlá tí o ń tẹ̀ má yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ má tì mọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ mọ bí a ti wà níbí, a wà. Ewúrẹ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ kó tó lọ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ti bí akọ kan àti abo kan, abo náà sì gbójú bí ẹni tó ni ín. Àgbàdo ti ń yọ irun. Orúnkún mi òsì ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ṣùgbọ́n ọ̀tún ń gbìyànjú.

Aránṣọ ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ ọ́n, obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì, tí ó rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ. Èmi ni mò ń sọ ọ́, òun ni ó ń kọ ọ́, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé gbogbo ohun tó bá ti gbọ́ ni kí ó kọ, kí ó má bá mi tún un ṣe, nítorí ó ti ní kí n yọ ọ̀rọ̀ orúnkún kúrò, mo ní ṣé orúnkún rẹ̀ ni? Mo yàn án nítorí pé ó mọ ìbú ìbàdí gbogbo ènìyàn àdúgbò yìí, àti akọ àti abo, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìdí tí mo fi ní kí a kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ nìyí. Lọ́jọ́ kan, a jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tí ń lẹ táyà, torí rédíò tirẹ̀ ló ń pariwo jù, ni wọ́n bá sọ ọ́ nínú ìròyìn pé ìjọba ti ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ lórí fóònù, tí yóò sì máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ọwọ́ lè tẹ àwọn ẹni ibi kí wọ́n tó ṣe ibi. Àbúrò mi awakọ̀ fò dìde, ó ní kò dára, ó ní ìjọba tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan, kí ó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ẹni tí ń lẹ táyà ní kí adájọ́ tó jí, kí ó tó fọ ẹnu, ṣé olè yóò dúró dè é? Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ àgbà dá sí i. Mo wúkọ́, mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mo ní ẹni tí kò jalè, tí kò pànìyàn, kí ni ó ń fi pamọ́? Mo ní ní tèmi o, kí ìjọba gbọ́ mi láàárọ̀, kí ó gbọ́ mi lálẹ́, bóyá á jẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ afárá wa tó já. Wọ́n ní bàbá ti sọ ọ́ tán. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé fìlà mi síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí ẹni tó ń gbọ́ wa lórí fóònù. Ìwọ náà rò ó wò: ènìyàn kan jókòó sáàárín èmi àti ìwọ, ó ń gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni pé igi ni? Bàbá mi àgbẹ̀ kò rán mi níléèwé, ṣùgbọ́n ó kọ́ mi bí a ti ń kí ènìyàn. Òun ló fà á tí o fi ń gbọ́ tí mò ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, ẹ kú ìjókòó, ṣé ẹ ti jẹun, kí n tó kí ìwọ ọmọ mi. O bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mo ní fara balẹ̀, àlejò wà láàárín wa. Kò dá mi lóhùn rí. Mo ti ń bínú sí i díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó fèsì. Mo ní irú iṣẹ́ wo ni ènìyàn ń ṣe tí kò lè dáhùn ẹ kú iṣẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ, àfi ìgbà tí o pè mí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí, torí aránṣọ ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ àti ọkọ rẹ ti ń bẹ Ọlọ́run sí láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ra yín. O ní dókítà ti rí i, o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí èyí tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà kan. Mo jókòó lé àpò àgbàdo, mò ń ṣe àmín bí ẹni pé ẹnìkan ń gbàdúrà. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo rántí ẹni tó wà láàárín wa. Èmi tí mo ní kí ni ènìyàn ń fi pamọ́, mo ti wá ní ohun tí mò ń fi pamọ́. Mi ò jalè, mi ò pànìyàn, ohun rere ni, síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ ojú rẹ̀, mi ò mọ ìyàwó rẹ̀, mi ò mọ ibi tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ bó bá kúrò níbi iṣẹ́.

Ohun tó mú mi pè ọ́ padà lójú ẹsẹ̀ nìyẹn, tí mò ń pariwo pé irọ́ ni, kò sí nǹkan kan nínú ọmọ mi, ẹ̀wà ló jẹ tó wú u níkùn. Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí. Òun ni mò ń bá wí! O mọ bí àparò ti ń ṣe bí ọdẹ bá sún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀, á máa fa ìyẹ́ nílẹ̀ bí ẹni pé ó ti dá, kí ọdẹ lè tẹ̀lé e lọ síbòmíì. Àparò ni mo ṣe. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo gbọ́ tí o mí kanlẹ̀, tí o ní ẹ ṣeun, bàbá, tí o sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó rẹ mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ò ń jẹun, mi ò mọ̀ bóyá ohun náà ṣì dúró. Bí mo bá ń kọ ebè, ìdajì ebè ni mò ń kọ.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìjọba náà dáadáa. Nígbà tí àwọn olè ewúrẹ́ kò jẹ́ ká sinmi, a gba ọlọ́dẹ, àwọn olè sì sá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́, ọlọ́dẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà àti ẹni tó sùn láìjẹun, ó wá ń rò ó níbi tí wọ́n ti ń mutí. A kò lé e, torí a ṣì nífẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ wa. A pè é jókòó, a ní ojú ọ̀nà ni a gbà ọ́ láti máa wò, a kò gbà ọ́ láti máa yọjú lójú fèrèsé. Bí o bá fura sí ilé kan, wá jí àgbààgbà kí o tó yọjú. Ó dà bí ẹni pé ohun tí àbúrò mi ń pè ní àṣẹ adájọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún un pé ó gbà á, torí kò ní jẹ́ ká sinmi.

Wàyí o, jọ̀ọ́, má gbé ohun tó wúwo, máa sinmi lọ́sàn-án, kí o sì sọ fún dókítà pé kó máa yẹ ọmọ inú wò dáadáa.

Yéè! Mo ti sọ ọ́. Ọmọ mi, bí mo ti ní ọmọ inú ni ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọṣẹ́ aránṣọ dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù níbí. Mo ti gbàgbé pé àwọn obìnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn mi, wọ́n ń dúró de aṣọ wọn. Ìyàwó àbúrò mi wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹni tí ń lẹ táyà náà wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń sá fún etí ìjọba láti ọ̀nà jíjìn, mo wá dà á sétí obìnrin tí rédíò ọkọ rẹ̀ kò tó ẹnu rẹ̀!

Aránṣọ gbé báírò sílẹ̀, ó wò mí, ó ní bàbá, èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ní ìwọ fúnra rẹ lo ránṣẹ́ sí òun pé kí òun rán aṣọ kan fún ọ, kí òun fi àyè sílẹ̀ níwájú, òun sì mọ ohun tí irú àyè bẹ́ẹ̀ wà fún. Ó ní iṣẹ́ òun ló jẹ́ kí òun mọ̀, iṣẹ́ òun náà ló ní kí òun dákẹ́, òun kò sọ ọ́ fún ọkọ òun pàápàá. Ó ní èmi nìkan ni òun rí tó gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní kọ̀rọ̀ wá sójú títì. Mo ní kí ó má kọ ìyẹn. Ó ní ṣebí mo ní gbogbo ohun tí òun bá ti gbọ́ ni kí òun kọ.

Lẹ́yìn náà ló bi mí pé fóònù mi dà. Mo ní ó wà nínú garawa àgbàdo nílé, mo fi ìdérí dé e, mo gbé òkúta lé e, kí ẹni yẹn má baà gbọ́ ohun tí mò ń sọ lójú oorun. Ó ní bí ọmọ yín bá wá pè ńkọ́? Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, èmi náà bá wọn rín in, torí mi ò rí ibi tí mo lè sá sí. Ìyàwó àbúrò mi lọ gbé e wá, iná inú rẹ̀ ti kú, a fi í sí iná nínú ṣọ́ọ̀bù níbí. Nígbà tó tàn, aránṣọ ń ka àwọn tó ti pè fún mi: orúkọ rẹ ni, orúkọ rẹ ni, orúkọ rẹ náà ni. Ọmọ mi, o kò bínú sí mi. Èmi ni mo sin ohùn rẹ sínú àgbàdo.

Aránṣọ ní kí n fi fóònù òun pè ọ́ kíá. Mo ní ó dìgbà tí lẹ́tà bá parí, a kì í gé aṣọ tán ká má rán an. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ ohùn mi kí lẹ́tà yìí tó dé, ṣì kà á, agídí mi ló kọ ọ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra káàdì fóònù, kí n sì ra garawa míì, torí òkúta ti fọ́ ìdérí eléyìí. Nípa ti àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì, fọkàn balẹ̀. Aránṣọ ti gbé okùn ìwọ̀n rẹ̀ sókè, ó ní ẹni tó bá sọ ọ́ jáde, òun yóò ka ìbú ìbàdí rẹ̀ sétí gbogbo ọjà. Ìyàwó ẹni tí ń lẹ táyà ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu.

Kí Ọlọ́run tó ń rí ohun ìkọ̀kọ̀ tí kì í ròyìn rẹ̀ bò ọ́ mọ́lẹ̀. Kí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ má bọ́. Kí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ rọrùn, ká gbọ́ ohùn ìyá, ká gbọ́ ohùn ọmọ. Gbogbo bẹ́ǹṣì ti ṣe àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹlẹ́nu jíjò bí agbọ̀n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa, bí ẹ bá ṣí lẹ́tà yìí lójú ọ̀nà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá wa ṣe àmín, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ padà dáadáa. Ẹ rántí pé bó pẹ́ bó yá, ẹ̀yin náà á gbé aṣọ wá sọ́dọ̀ aránṣọ.